Irunmú corydoras mi ń kúrú sí i: ṣé kí n da iyọ̀ sómi?

OlómiTuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà tó ń sin ẹja nínú ilé. Ìbéèrè kan ló gbé mi wá, mo sì fẹ́ gbọ́ tẹnu yín kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Táǹkì mi gba omi 120 lítà. Corydoras aláwọ̀ idẹ mẹ́fà, àrọ̀ kéékèèké tó ń gbé ìsàlẹ̀ omi, ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹja kéékèèké neon tetra mélòó kan àti pleco kan, àrọ̀ tó ń fi ẹnu lẹ̀ mọ́ nǹkan, tí mo rà pé kó máa bá mi fá àwọ̀ ewé tó ń hù lára gíláàsì. Òkúta wẹ́wẹ́ dúdú tó lẹ́nu ṣóńṣó díẹ̀ ni mo tẹ́ sísàlẹ̀. Fílítà ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru.

Irunmú àwọn corydoras yìí ló ń kúrú. Nígbà tí mo rà wọ́n, ó gùn dáadáa. Ní báyìí, méjì nínú wọn ò ní ju kùkùté pupa lọ lẹ́nu. Wọ́n tún ń sáré lọ sókè omi léraléra bí ẹni pé atẹ́gùn ò tó wọn, ọ̀kan sì máa ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lẹ́yìn igi fún ìgbà pípẹ́ kó tó dìde.

Ẹni tó tà wọ́n fún mi ní kí n da iyọ̀ sí omi, kí n sì gbé hítà lọ sí díígírì 30. Ó tún ní kò sídìí láti fún wọn lóúnjẹ lọ́tọ̀, pé àjẹkù àti ìgbẹ́ àwọn ẹja yòókù ni wọ́n ń jẹ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÌyáÀrọ̀

Ẹ káàbọ̀. Ẹ fi iyọ̀ yẹn sílẹ̀ ná, ẹ má sì fọwọ́ kan hítà.

Irunmú kì í dédé kúrú. Òun ni corydoras fi ń wá oúnjẹ, òun ló fi ń tọ́ ilẹ̀ wò, inú ilẹ̀ táǹkì ló sì ń tì í bọ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Bí ilẹ̀ yẹn bá dọ̀tí, tàbí tí omi ò dáa, irunmú ló máa kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀. Kí a tó dárúkọ oògùn kankan, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà nínú omi: amóníà, nitrite àti nitrate tí ìdọ̀tí ẹja ń dà, pH (bí omi ṣe kan tó), àti bó ṣe gbóná tó. Ìgbà wo lẹ máa ń pààrọ̀ omi, báwo ni èyí tí ẹ ń fà jáde sì ṣe ń pọ̀ tó? Omi wo lẹ fi ń fọ fílítà? Lẹ́yìn náà, ẹ ti ìka bọ àárín òkúta wẹ́wẹ́ yẹn, ẹ rò ó díẹ̀, kí ẹ wá sọ ohun tó jáde fún wa.

Ní ti ìgbẹ́, ẹni yẹn fẹ́ tajà ni. Kò sí ẹja onírunmú kankan nínú táǹkì tí ìgbẹ́ ń bọ́ yó. Àjẹkù tó bá rì dé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń jẹ, tí neon bá sì mọ oúnjẹ ẹ́ gbé mì, kò ní sí àjẹkù rárá.

GíláàsìMímọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iyọ̀ dẹ́rù bà wá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó, kò pa ẹja mi rí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí nitrite bá ga nínú táǹkì, iyọ̀ díẹ̀ ló máa ń yọ ẹja nínú ewu. Kí la wá ń sá fún? Ẹja ti ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ ní ká jókòó máa ro òkúta.

ÌyáÀrọ̀

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ nípa nitrite, mi ò ní jiyàn yẹn. Chloride inú iyọ̀ máa ń bá nitrite du ọ̀nà tí yóò gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja, ìyẹn ló ń dín ìpalára rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ ò tíì wọn nitrite. Tí nitrite bá jẹ́ òdo, kí ni iyọ̀ ń wá níbẹ̀?

Iyọ̀ kì í bá omi gbẹ. Tí omi bá fà, tí ẹ bù sí i, tí ẹ tún fi iyọ̀ sí i, ṣe ló ń pọ̀ sí i. Odò aláìníyọ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ni corydoras ti wá, ọ̀pọ̀ odò wọ̀nyẹn ni èròjà inú omi wọn ò tó nǹkan. Àwọn kan ń fara dà á, n kò ní kí wọ́n máà sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfaradà ò hu irunmú.

Díígírì 30 tí wọ́n dárúkọ yẹn, mo mọ ibi tó ti wá. Àrùn ich ni wọ́n ń fi ooru lé, èyí tó máa ń yọ èéwo funfun wẹ́wẹ́ sára ẹja àti lẹbẹ rẹ̀. Kòkòrò tó ń fà á ò ṣeé pa nígbà tó bá ṣì wà lábẹ́ awọ ẹja, àfi ìgbà tó bá jáde tó ń wẹ̀ kiri nínú omi. Ooru ló máa ń mú un yára jáde, kí oògùn lè bá a. Ẹja OlómiTuntun ò yọ èéwo funfun. Omi tó gbóná kì í gba ọ́síjìn púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ara ẹja nínú omi gbígbóná ń béèrè ọ́síjìn sí i. Ẹja tó ti ń sáré wá sókè gba atẹ́gùn tẹ́lẹ̀, ẹ wá fẹ́ dín èyí tó ń mí kù?

OlómiTuntun

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti wọ̀n ọ́n pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń kán oògùn sínú ìgò. Amóníà 0.25, nitrite òdo, nitrate 80 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ (àwọ̀ pupa méjì tó kẹ́yìn lórí páálí yẹn jọra jù), pH 7.4. Ooru omi jẹ́ díígírì 28, nítorí ibi tí neon ń gbé ni mo rò pé ó gbóná.

Omi, mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí mo bá rí i pé ó ti ń pọ́n díẹ̀. Fílítà, omi táǹkì ni mo fi ń fún kànrìnkànrìn inú rẹ̀, mo ti kà á pé kì í ṣe omi ẹ̀rọ.

Mo wá ti ìka bọ òkúta. Ìdọ̀tí àwọ̀ ilẹ̀ kan gbéra, ó bo ìdajì táǹkì, n kò rí pleco mọ́. Ní igun tí mo máa ń da oúnjẹ sí, omi dúdú ru jáde lábẹ́ òkúta, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Mo sì rí oúnjẹ oníhóró tí mo fi bọ́ wọn láìmọ ìgbà, ó wà láàárín òkúta méjì, òwú funfun ti hù lé e.

BàbáFílítà

Ohun tó ń jẹ irunmú nìyẹn, ó ti fara hàn.

Ẹ jẹ́ n mú àwọn nọ́ńbà yẹn níkọ̀ọ̀kan. Ìgbẹ́ ẹja, ìmí rẹ̀ àti oúnjẹ tó ń jẹrà ló ń di amóníà. Bakitéríà kan ń sọ amóníà di nitrite, òmíràn ń sọ nitrite di nitrate. Tiyín ti dé ibi nitrate, ìyẹn ni pé fílítà yín ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nitrate ò ní ibi tó ń lọ, àfi kí ẹ da omi nù tàbí kí ewéko inú omi mú un. Tí ẹ bá ń dúró kí omi pọ́n kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀, ẹ máa pẹ́ jù, nítorí nitrate kò ní àwọ̀. Kó wà ní 20 tàbí kó má ju 40 lọ ni mo máa ń fẹ́.

Amóníà 0.25 yẹn, ẹ má tíì sáré. Ẹ kọ́kọ́ wọn omi ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ní ibòmíràn, chloramine ni wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, ìyẹn chlorine tó so mọ́ amóníà. Oògùn tí a ń dà sómi láti pa chlorine rẹ́ máa ń já wọn kúrò lára ara wọn, amóníà á sì ṣẹ́kù tí ohun èlò àyẹ̀wò máa kà. Yàtọ̀ sí èyí, ní pH 7.4 ọ̀pọ̀ nínú amóníà yẹn wà ní irú tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jó ẹja. Tó bá jẹ́ pé pH yín ga dé 8 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, mi ò ní sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ báyìí. Ẹ má sì gbàgbé pé omi tí ẹ gbé kalẹ̀ mọ́jú lè jẹ́ kí chlorine lọ, ṣùgbọ́n chloramine ò ní lọ. Oògùn ni kí ẹ lò.

Ẹ má pààrọ̀ gbogbo omi lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé ẹ ti rí nọ́ńbà burúkú. Ẹja yẹn ti bá omi yẹn gbé. Ìdá kan nínú mẹ́rin ní ọjọ́ méjì-méjì, kí omi tuntun bá ti inú táǹkì dọ́gba ní ooru, títí nitrate á fi wálẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìdá kan nínú mẹ́rin lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, yálà omi pọ́n tàbí kò pọ́n.

Kí ẹ sì dín hítà kù sí 25, díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe lálẹ́ ọjọ́ kan. Neon ò ní bínú, òun náà ò nílò 28.

ẸjaÒru

BàbáFílítà ti sọ̀rọ̀ omi, ẹ jẹ́ kí èmi sọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Àwọn kan á sọ fún yín pé ẹnu ṣóńṣó òkúta ló gé irunmú. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Mo ti rí corydoras tó wà lórí òkúta wẹ́wẹ́ tó mọ́, irunmú wọn pé. Mo ti rí àwọn tó wà lórí iyanrìn múlọ́múlọ́ tó dọ̀tí, tí wọn ò ní irunmú kankan. Òkúta tó lẹ́nu máa ń ha á, bakitéríà inú ìdọ̀tí á wá bá ojú ọgbẹ́ náà. Tí òkúta bá wà láìsí ìdọ̀tí, wọ́n lè rọ́gbọ́n dá sí i. Tí ìdọ̀tí bá wà, kò sí ilẹ̀ tó lè gbà wọ́n.

Síbẹ̀, iyanrìn ni mo máa ní kí ẹ lò, nítorí bí wọ́n ṣe ń jẹun. Ẹ wò ó dáadáa lórí iyanrìn: á ti imú bọlẹ̀ títí dé ojú, á gba iyanrìn sẹ́nu, oúnjẹ á dúró, iyanrìn á sì máa tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí níbi tó fi ń mí. Lórí òkúta, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ó kàn máa ń fi irunmú gbo orí òkúta, oúnjẹ á sì ti bọ́ sí àlàfo tí ẹnu rẹ̀ ò lè dé. Ibi tí oúnjẹ onífunfun yín ti wá nìyẹn.

Iyanrìn tí kò lẹ́nu mímú ni o, irú èyí tí wọ́n fi ń sẹ́ omi ìwẹ̀ inú ọgbà dára. Kí ẹ fọ̀ ọ́ nínú garawa títí omi á fi mọ́ kedere, ó máa ń gba sùúrù. Kó má ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má baà máa bàjẹ́ láìsí atẹ́gùn. Ẹ má lo èyí tí ìkarahun wà nínú rẹ̀, ó máa ń gbé pH sókè.

OlómiTuntun

Ẹ̀gbọ́n ẸjaÒru, ṣé gbogbo òkúta ni mo máa kó lẹ́ẹ̀kan ni, àbí díẹ̀díẹ̀? Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ pa bakitéríà.

ẸjaÒru

Inú fílítà ni èyí tó pọ̀ jù nínú bakitéríà ń gbé, níwọ̀n ìgbà tí fílítà bá pẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ yín ti ń rùn bí ẹyin bàjẹ́, gáàsì yẹn lóró. Ẹ má ro ó kí ẹja sì wà níbẹ̀. Ẹ kó wọn sínú garawa omi táǹkì, kí ẹ fi òkúta tó ń tú atẹ́gùn sí i, kí ẹ bò ó. Fílítà kò gbọ́dọ̀ gbẹ, ẹ gbé òun náà sínú garawa mìíràn kó máa ṣiṣẹ́. Ẹ fa òkúta jáde, ẹ fa omi dúdú náà tẹ̀lé e, kí ẹ tó da iyanrìn sí i. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ máa wọn amóníà lójoojúmọ́, kí ẹ sì dín oúnjẹ kù.

MoṢẹ̀ṣẹ̀Dé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Tèmi náà ń sáré lọ sókè omi, wọ́n á gba atẹ́gùn, wọ́n á padà wálẹ̀ wìì. Ṣé wọ́n fẹ́ kú ni?

ÌyáÀrọ̀

Rárá o. Corydoras máa ń gbé atẹ́gùn mì, ìfun rẹ̀ lẹ́yìn ló sì ń fa ọ́síjìn inú rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó wà ní àlàáfíà. Àrọ̀ ńlá inú odò náà ń mí atẹ́gùn, ṣùgbọ́n òun ní ohun kan tó rí bí ẹ̀ka igi lókè ibi tó fi ń mí, òun ló jẹ́ kó lè pẹ́ lórí ilẹ̀ kó tó kú.

Ohun tó ń bani lẹ́rù ni kí gbogbo wọn máa ṣe é léraléra, kí wọ́n sì máa mí híhá-híhá nígbà tí wọ́n bá dúró. Ìyẹn ni ọ́síjìn kò tó, tàbí kí ohun kan máa jó ibi tí wọ́n fi ń mí. Ẹ jẹ́ kí ojú omi máa rú. Ọ́síjìn ń wọlé láti ojú omi, kì í ṣe láti inú èéhó kéékèèké nìkan.

Táǹkì tó ní ìdérí, ẹ má da omi kún un dé ẹnu. Wọ́n nílò àlàfo atẹ́gùn díẹ̀ lókè.

MoṢẹ̀ṣẹ̀Dé

Mo dúpẹ́ o. Mo tún ní Synodontis kan tó máa ń da ikùn sókè tó bá ń wẹ̀. Ó ń jẹun dáadáa. Ṣé ìyẹn náà kì í ṣe àìsàn?

ẸjaÒru

Tó bá jẹ́ Synodontis nigriventris ni, bó ṣe ń gbé ayé nìyẹn. Agbègbè odò Congo ló ti wá, abẹ́ igi àti ewé tó wó sódò ló ti ń wá oúnjẹ, ó sì ń gbá èyí tó léfòó lójú omi. Ẹ wo ikùn rẹ̀, ó dúdú ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, nítorí ikùn ló ń kọjú sókè. Ẹ fún un ní igi tàbí ihò tó lè fara ti ní ìdojúdé, á ṣeun fún yín. Corydoras ló bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ sáré.

GíláàsìMímọ́

Òjìjí ńkọ́? Ṣé ẹnikẹ́ni ti sin òjìjí rí?

BàbáFílítà

Èyí tó tóbi lè ta iná dé nǹkan bíi fóòlù 350. Ẹ lè sin ín, tí ẹ bá fẹ́ kó máa dá gbé, tí ẹ sì ti fẹ́ràn kí ẹ máa wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ o.

AdáríAlẹ́

Ẹ̀yin ò tíì sọ̀rọ̀ pleco yẹn. OlómiTuntun, pleco wo ni? Kì í ṣe gbogbo pleco ló ń dúró ní kékeré.

Ẹ ka eegun tó ró lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ dúró, èyí tó ga bí ìgbòkùn. Tó bá tó mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Pterygoplichthys ni, ẹja tó ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40 àti jù bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ méje tàbí mẹ́jọ, tí imú rẹ̀ sì ń hu ọ̀pá rírọ̀ kéékèèké, Ancistrus ni, òun kì í ju 12 sí 15 lọ, ó sì lè gbé inú táǹkì yín nírọ̀rùn.

OlómiTuntun

Mo ka méjìlá. Ó ṣòro, kò fẹ́ ṣí lẹbẹ, mo ní láti dúró kó tó na ara rẹ̀ lórí igi. Ó ti gùn tó ìwọ̀n ọwọ́ mi láti ìka dé ọrùn ọwọ́.

AdáríAlẹ́

Pterygoplichthys ni. Nínú lítà 120, kò ní rí ibi yí padà nígbà tó bá dàgbà. Ìgbẹ́ rẹ̀ pọ̀ púpọ̀, mi ò rò pé nitrate 80 yẹn ṣẹ̀yìn rẹ̀. Kò tún ní máa fá gíláàsì bó ṣe ń fá a nígbà kékeré, oúnjẹ tó rọrùn ló máa ń fẹ́ lọ́jọ́ alẹ́.

Ẹ wá ẹni tó ní táǹkì ńlá tàbí adágún inú ọgbà tó ní odi, tí omi rẹ̀ ò sì tutù jù. Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ má lọ tú u sódò. Ìpínlẹ̀ Florida àti Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, orílẹ̀-èdè Mexico àti Philippines, gbogbo wọn ló ń jẹ ìyà ẹja yìí lónìí, nítorí ó ń gbẹ́ ihò sí etí odò láti yé ẹyin, etí odò á sì máa wó.

Àwọn pleco yòókù náà, ẹ wá ìwọ̀n àgbà wọn kí ẹ tó rà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa sọ nípa àrọ̀ onírù pupa, Phractocephalus, tí wọ́n ń tà ní kékeré, ó ń gùn ju mítà kan lọ.

ÌyáÀrọ̀

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ẹ máa ra èyí tó ń rì. Tí ẹ bá ti pa iná táǹkì, ẹ dúró díẹ̀ kí neon tó sùn, kí ẹ tó sọ ọ́ sí i. Àwọn ẹja yìí ò nílò ojú láti rí i. Irunmú wọn àti gbogbo ara wọn ló ń tọ́ adùn wò, nítorí náà òkùnkùn kò dí wọn lọ́wọ́. Oúnjẹ tó wà fún ẹja tó ń jẹ ewé kò tó corydoras, ẹran ni wọ́n ń fẹ́ jù: kòkòrò inú omi tó dì, aràn kéékèèké, daphnia. Ancistrus ni ẹ lè gé kùkúḿbà fún, kí ẹ so ó mọ́ òkúta kó lè rì. Kí ẹ yọ ọ́ jáde ní òwúrọ̀, tó bá jẹrà nínú táǹkì, ọ̀rọ̀ amóníà á tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti tún ilẹ̀ ṣe, ẹ má ra corydoras kún un kíákíá. Mẹ́fà ni mo máa ń pè ní ìwọ̀nba tó kéré jù, kí wọ́n sì jẹ́ irú kan náà. Ẹ jẹ́ kí tuntun kọ́kọ́ gbé inú táǹkì lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán.

ỌmọÌwé

Wọ́n ní irú kan náà, ẹ jẹ́ n fi ìdàrúdàpọ̀ kún un. Ní 2024, àwọn onímọ̀ ẹja pín ẹ̀yà Corydoras sí ọ̀nà mélòó kan. Aláwọ̀ idẹ tí OlómiTuntun ní ti di Osteogaster aenea, irú mìíràn tí a ń pè ní sterbai sì ti di Hoplisoma sterbai. Tí ẹ bá rí orúkọ méjì lára ìgò kan náà, ẹja kan náà ni. Àwa tó ń sin wọ́n ṣì ń pe gbogbo rẹ̀ ní cory.

GíláàsìMímọ́

Mo fẹ́ béèrè pé tí ich bá wá yọ lára wọn lóòótọ́, ṣé oògùn tí wọ́n máa ń tà nínú ìgò kò ní pa wọ́n? Wọ́n máa ń ní kí á lo ìdajì.

BàbáFílítà

Ohun tí a mọ̀ ni pé ẹja tí kò ní ìpẹ́ máa ń fura sí bàbà, wọ́n sì lè jìyà nínú oògùn tí ẹlòmíràn ń gbà láìsí wàhálà. Corydoras ní àwo egungun lára, ṣùgbọ́n ikùn àti ojú ibi tí wọ́n fi ń mí rọ̀. Ìdajì oògùn kì í ṣe ohun tí mo fọwọ́ sí fún gbogbo nǹkan, tó bá kéré jù, kò ní pa kòkòrò, á kàn máa fìyà jẹ ẹja ni. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò nípa ẹja onírunmú, kí ẹ yan èyí tí kò ní bàbà, kí ẹ sì pọ̀ atẹ́gùn sí i nígbà tí oògùn bá wà nínú omi.

Kí ẹ tó da oògùn, ẹ yọ èédú inú fílítà, òun á máa gba oògùn náà.

OlómiTuntun

Ẹ̀yin ará, mo padà wá. Iyanrìn ti wà nínú rẹ̀. Nitrate ti wálẹ̀ sí bíi 30, omi ẹ̀rọ náà sì ní amóníà díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí BàbáFílítà ṣe sọ, tí ìyẹn sì fi ọkàn mi balẹ̀. Hítà wà ní 25. Èyí tó ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ yẹn kú ní ọjọ́ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ sí pààrọ̀ omi, ó bà mí nínú jẹ́. Àwọn márùn-ún yòókù ń jáde lọ́sàn-án báyìí, wọ́n ń ti imú bọ iyanrìn títí dé ojú. Kùkùté àwọn méjì yẹn ò pupa mọ́.

Ṣé irunmú wọn á tún hù? Mo sì fẹ́ gbé pleco lọ fún ẹni tó ní adágún, báwo ni mo ṣe máa mú un?

ẸjaÒru

Ẹ kú ìṣòro ti èyí tó lọ. Tí kùkùté bá ṣì wà, ó máa ń hù díẹ̀díẹ̀, ó lè gba oṣù mélòó kan, ó sì lè má gùn tó ti tẹ́lẹ̀. Èyí tó jẹ dé ojú ẹran ò sábà padà. Kì í dí wọn lọ́wọ́ oúnjẹ tí ilẹ̀ bá rọ̀.

AdáríAlẹ́

Pleco: ẹ má lo àwọ̀n. Ẹ̀gún lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti èyí tó wà lẹ́yìn máa ń kọ́ àwọ̀n, nígbà tó bá sì ti ró o dúró, ẹ ò ní lè yọ ọ́ láìgé àwọ̀n náà. Corydoras náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀gún tiwọn sì ń ta ọwọ́ ènìyàn.

Ẹ fi iná wẹ́ẹ́ tàn án sórí gíláàsì ní alẹ́, ẹ gbé abọ́ pílásítíìkì tó gbòòrò lé e lójú, ẹ ti ọwọ́ kejì lé e wọnú rẹ̀, kí ẹ gbé e jáde tòun tomi. Ẹ kó o sínú garawa tó ní omi táǹkì, kí ẹ bò ó, wọ́n máa ń fò. Tí ẹ bá fẹ́ fi àpò ọ̀rá gbé e, ẹ ki àpò méjì bọ ara wọn, ẹ̀gún rẹ̀ máa ń lu ẹyọ kan.